Ọ̀gá mi sọ pé ìjọba ló ń pe ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, kí wá ni iṣẹ́ lọ́yà tó fẹ́ dúró ti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí?

Àbúrò kan tó ń parí Law School lọ́dún yìí ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun fẹ́ máa dúró ti àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, àgbà àtọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ́yà tí òun ṣe attachment lọ́dọ̀ ẹ̀ ní kóun gbàgbé ẹ̀, pé ìjọba ló ń pe ẹjọ́ yẹn, kí ni lọ́yà àdáni fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, pé kò tiẹ̀ sówó níbẹ̀. Ó ní màmá òun náà ń bẹ̀rù pé ohun tí òun á máa gbọ́ lójoojúmọ́ á dà òun lórí rú. Ó wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ gidi ni, kí la máa ń ṣe gan-an, àti pé ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi, o kúuṣẹ́ o. Iṣẹ́ gidi ni, jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó o lè fọkàn balẹ̀ ka ìyókù. Ká wá ti orí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹ bẹ̀rẹ̀ torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹjọ́ ìjọba ni lóòótọ́. Àwọn lọ́yà DPP, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bá ìjọba rojọ́ ọ̀daràn ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, ló ń rojọ́ ẹ̀, ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ yẹn, ẹlẹ́rìí ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé kóòtù, ẹjọ́ yẹn ò sí lórúkọ ẹ̀ rárá. Ìwọ lọ́yà ẹ̀, watching brief ni wàá ṣe, ìyẹn kéèyàn kàn máa wo bí ẹjọ́ ṣe ń lọ, wàá dìde, wàá sọ orúkọ ẹ àti ẹni tó o wá fún, wàá jókòó. O ò lè bi ẹlẹ́rìí kankan ní ìbéèrè, àfi tí Attorney-General bá fún ẹ ní fiat, ìyẹn àṣẹ, pé kó o bá òun rojọ́ náà, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀.

Ibi tí mi ò ti gbà fún ọ̀gá ẹ ni pé ó rò pé inú kóòtù ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ tó bá máa kú, kí adájọ́ tó rí i rárá ló sábà ti ń kú. Á kú sí ọsibítù níbi tí wọn ò ti tọ́jú ẹ̀rí, á kú sí teṣan, á kú sínú ilé lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, á kú lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ ò rówó ọkọ̀ lọ sí kóòtù n'Íkẹjà mọ́. Dókítà ń wo ọsibítù tiẹ̀, ọlọ́pàá ń wo teṣan tiẹ̀, lọ́yà ìjọba ń wo fáìlì tó wà níwájú ẹ̀, àwọn fáìlì yẹn sì ga. Ẹni tó máa bá ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rin gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Wàá rí i pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ló máa kọ́kọ́ kàn ẹ́, kì í ṣe òfin. Tí ìyá kan bá pè ẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí tó ń sunkún, má bi í pé ta ló ṣe é. Bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, ibo lẹ wà, ṣé ọmọ náà ti wẹ̀, aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà yẹn dà. Oògùn tó ń dènà HIV, èyí tí wọ́n ń pè ní PEP, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èyí tó ń dènà oyún náà ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún, bó bá ṣe tètè yá sí ló dáa sí. Aṣọ yẹn, inú àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú lailọ́ọ̀nù, torí lailọ́ọ̀nù máa ń há omi mọ́ ọn, ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára ẹ̀ á ti rà. Wọn ò kọ́ mi ní ìkankan nínú èyí ní Law School, bóyá wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀yin. Tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé kẹ́ ẹ lọ gba police report wá ná kóun tó fọwọ́ kàn án, ìwọ ni kó o sọ fún un pé ìtọ́jú ló ṣáájú, sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, àmọ́ má kúrò níbẹ̀.

L'Ékòó a ríbi darí wọn sí. Mirabel Centre tó wà nínú LASUTH, ọsibítù ìjọba Èkó n'Íkẹjà, oṣù keje ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i, òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, dókítà á yẹ èèyàn wò, wọ́n á gbà á nímọ̀ràn, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. WARIF, tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn bẹ́ẹ̀, wà ní Yábàá náà, dókítà Kemi DaSilva-Ibru ló dá ìyẹn sílẹ̀ ní 2016. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn nípa Mirabel ni pé lọ́yà ló dá a sílẹ̀, Itoro Eze-Anaba. Lọ́yà ni, kì í ṣe dókítà. Ó rí i pé kò sí ẹjọ́ téèyàn lè rò tó máa dúró tí kò bá sí ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú èèyàn kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀rí lọ́jọ́ kan náà, lóun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá lọ dá a sílẹ̀. Tẹ́nì kan bá tún bi ẹ́ pé kí ni lọ́yà àdáni ń wá níbẹ̀, sọ ìyẹn fún un.

Teṣan ló le jù. Wọ́n á ní kí ọmọ tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ níwájú kọ̀ǹtà, níbi tí ẹni tó wá gba bélì àti ẹni tí wọ́n jí fóònù ẹ̀ ti ń gbọ́. O gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ Family Support Unit tàbí gender desk, kí ẹ sì tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé tí wọ́n ń kọ, èmi ò lè fẹnu sọ bí ìwé yẹn ṣe ṣe pàtàkì tó. Ọmọ ń sọ Yorùbá, ọlọ́pàá ń kọ òyìnbó, ohun tó gba ọmọ ní odindi wákàtí kan láti sọ pẹ̀lú ẹkún, ìlà mẹ́fà ló máa dà nínú ìwé. Ọmọ á tọwọ́ bọ̀ ọ́ torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́yà olùjẹ́jọ́ á mú ìwé yẹn jáde, á ní nínú ohun tó o sọ ní teṣan o ò sọ pé ó fọwọ́ bò ẹ́ lẹ́nu o, ìgbà wo lo wá rántí ìyẹn, ta ló kọ́ ẹ. Torí náà kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ padà fún un kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ìwọ fúnra ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu o, ọ̀rọ̀ kan báyìí. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 36, ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọ́n á fi fi hàn pé ó jẹ̀bi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ àkọ́sórí rò, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn á wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ yẹn náà lá tún wá jìyà ẹ̀.

Fáìlì wá máa kúrò ní teṣan. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, ohun tó lè ṣe ò ju pé kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́ títí DPP á fi sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Láàárín teṣan sí ọ́fíìsì DPP ní Alausa yẹn, nǹkan máa ń sọnù, ìwé dókítà ò sí nínú ẹ̀, fọ́tò ò sí nínú ẹ̀, wọ́n ti gbé IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹ̀, lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Ìwọ lá máa kọ lẹ́tà, ìwọ lá máa lọ béèrè, ìwọ lá ní nọ́ńbà dókítà tó yẹ ọmọ wò, torí tó bá ti japa lọ sí Ìlú Ọba kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà.

Ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹni tí ọmọ mọ̀ ni, àbúrò bàbá, olùkọ́ lẹ́sìn, ẹni tó ń kọ́ wọn ní lesson, aládùúgbò tó ń ra bisikí fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú un, àwọn àgbà á dé. Wọn ò ní wá pẹ̀lú ìbínú o, ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n máa ń bá wá, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé, wọ́n á ní ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn máà ní bàbá, wọ́n á ní tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde ta ló máa fẹ́ ọmọ yín. Wọ́n á mú owó wá, wọ́n á pè é ní owó ìtọ́jú. Bàbá ọmọ á wo owó yẹn, á wo ara ẹ̀, á ní ká ṣáà gbà á. Ìyá ló sábà máa ń kù sẹ́yìn òun nìkan, gbogbo ilé á wá máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ tú ilé ká.

Òfin ò gba ìyẹn. Kéèyàn gbowó láti fi bo irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lòun náà jẹ́, àti pé ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó fi sí bíbá ọmọdé lòpọ̀, Child Rights Act ti 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ yẹn gbà fóun. Ṣùgbọ́n kó o máa ka abala òfin sí ìyá yẹn létí, kò ní ràn án lọ́wọ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n máa sùn lálẹ́ yẹn. Ká ní onílé ló ṣe é ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ tó máa kọ́kọ́ délẹ̀ ni quit notice, Tenancy Law Èkó ti 2011 tó o rò pé tàwọn tó ń gba owó ilé ni, òun lo máa kọ́kọ́ fi dúró tì wọ́n. Ìgbà míì ibi ìsádi lo máa wá fún wọn, Project Alert, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà obìnrin, ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀ l'Ékòó tipẹ́, Sophia's Place ni wọ́n ń pè é. Ìgbà míì owó ọkọ̀ lásán ni. Mo ti rí ẹjọ́ tó dára, tí ẹ̀rí wà nínú ẹ̀ dáadáa, tí kóòtù fà á ya torí pé ẹlẹ́rìí ò yọjú lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ẹlẹ́rìí náà sì wà nílé, kò rówó wọkọ̀ ni, kò sì mọ ẹni tó máa sọ fún.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà obìnrin ló wá bá ẹ, ìyẹn yàtọ̀. Òun ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Tó bá ní òun ò lọ sí teṣan, sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tó bá lọ àti tí kò bá lọ, kó o sì dákẹ́. Àwọn kan nínú wa máa ń tì wọ́n torí pé ẹjọ́ yẹn máa gbayì, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹnì kan ti gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò yẹ ká tún gba ìkejì. Ti ọmọdé nìkan ni kò sí dúnàá-dúrà nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí.

Tẹ́ ẹ bá wá dé kóòtù, má rò pé o kàn ń jókòó ni. Ní 2018 wọ́n ya kóòtù sọ́tọ̀ n'Íkẹjà fún ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ àti ìwà ipá inú ilé, ìyẹn jẹ́ kí nǹkan yá díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tí ò tíì pé 14 kì í búra, abala 209 nínú Evidence Act 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á bi í láwọn ìbéèrè kéékèèké láti mọ̀ bóyá òye yé e, bóyá ó mọ̀ pé òótọ́ ló yẹ kéèyàn sọ. Ẹ̀rí ọmọ tí ò búra yìí nìkan ò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ̀rí míì gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn tó tọ́ka sí olùjẹ́jọ́ gan-an. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń já, torí ìwé dókítà lè sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, kò sábà lè sọ ẹni tó ṣe é. Nígbà náà ni wàá mọ ìwúlò gbogbo ìrìn tó o ti rìn, aládùúgbò tó rí i tó ń pe ọmọ wọlé, àǹtí tí ọmọ kọ́kọ́ sọ fún, aṣọ tó wà nínú bébà. Abala 234 náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi obìnrin ní ìbéèrè nípa àwọn ọkùnrin míì tó ti bá sùn àfi tí adájọ́ bá fàyè gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á bi í, tí lọ́yà ìjọba ò bá tètè dìde ó ti jáde lẹ́nu wọn nìyẹn. O ò lè dìde, àmọ́ o lè ti bá lọ́yà ìjọba jókòó lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ jọ mọ ibi tí wọ́n máa gbà yọ. O sì lè ti mú ọmọ náà lọ wo yàrá kóòtù nígbà tó ṣófo, kó mọ ibi tí òun máa dúró sí àti ibi tí ọkùnrin yẹn máa wà. Má sọ fún un pé ẹ máa jàre. Sọ fún un pé o máa wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ míì tún wà tó kọjá ẹjọ́ ẹnì kan. Òfin ìwà ọ̀daràn tá a jogún, Criminal Code abala 357, obìnrin àti ọmọbìnrin nìkan ló mọ̀ pé wọ́n lè fipá bá lòpọ̀, ọmọkùnrin ò sí nínú ẹ̀. Àwọn lọ́yà àti ẹgbẹ́ obìnrin ló ń lọ tó ń bọ̀ ní Abuja fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá kí VAPP Act, òfin tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, tó di òfin ní oṣù karùn-ún 2015, òun ló jẹ́ kó kan gbogbo èèyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, òun ló sì sọ pé kóòtù lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Wo ẹjọ́ Dorothy Njemanze àtàwọn yòókù náà, àwọn obìnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó láàárín ìgboro Abuja lálẹ́, tí wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọ́n, tí wọ́n fìyà jẹ wọ́n tí wọ́n sì fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí ò yẹ. Wọ́n gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí kóòtù ECOWAS, ní oṣù kẹwàá 2017 kóòtù dá àwọn mẹ́ta nínú wọn láre, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ pé Nàìjíríà rú Maputo Protocol, àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Ti ẹni kẹrin, wọ́n ní ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Nínú irú ẹjọ́ yẹn lọ́yà àdáni ló ń rò ó láti orí dé ìdí, kò sí DPP níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó sọ ohun tí wọ́n fojú rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wá pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ náà wà, àwọn náà nílò lọ́yà, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Owó. Ọ̀gá ẹ ò parọ́, kì í ṣe ibi téèyàn ti ń lówó. Ẹni tó ń ṣe é lábẹ́ NGO, owó iṣẹ́ àkànṣe ló ń jẹ, tí iṣẹ́ àkànṣe bá parí owó oṣù náà parí, ní 2025 tí Amẹ́ríkà dáwọ́ ìrànwọ́ òkèèrè dúró, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló gbọgbẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn àbúrò mi ni pé kí wọ́n má gbé gbogbo ara lé e ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣe iṣẹ́ ilẹ̀, ṣe ìwé kọ́ńpìnnì, jẹ́ kí ìyẹn san owó ilé ẹ, kó o wá ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún èyí. Tó o bá sì fẹ́ owó oṣù tó dúró, DPP fúnra ẹ̀ ń gba lọ́yà, Office of the Public Defender náà, Legal Aid Council, NAPTIP tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, àti DSVA, tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, tó di àjọ lábẹ́ òfin l'Ékòó ní 2021. Lọ́yà ìjọba tó mọ ohun tí mò ń sọ yìí, tó ń pe ìyá ọmọ lórí fóònù kó tó di ọjọ́ ẹjọ́, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ń gba ẹ̀mí là.

Màmá ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù, má bá wọn jiyàn. Ohun téèyàn ń gbọ́ wúwo lóòótọ́, ó máa ń bá èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Wá ẹni tí ìwọ náà á máa bá sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan, torí o ò lè sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún ọ̀rẹ́. Ní fóònù iṣẹ́ lọ́tọ̀. Má jẹ́ kí ẹbí afurasí kankan mọ ilé ẹ, má sì máa nìkan dé teṣan lálẹ́. Kó o sì má gbé fọ́tò ọmọ kankan síta láé, kódà tó o bá bo ojú ẹ̀, kódà tí àwọn tó ń fún NGO lówó bá ní àwọn fẹ́ rí i, àdúgbò máa ń dá aṣọ mọ̀.

Ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà. Tó o bá lọ sí NYSC, wọ ẹgbẹ́ Legal Aid nínú CDS yín, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí àwọn agùnbánirọ̀ máa ń ṣe, wọ́n máa ń dé ọgbà ẹ̀wọ̀n àti teṣan, wàá rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, láti 1964 ni wọ́n ti wà ní Nàìjíríà, wọn ò ní lé ẹ, iṣẹ́ ló pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní kí lọ́yà kan jẹ́ kó o máa bá òun jókòó nídìí watching brief, kó o máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, lọ́rọ̀ kan sí ìkejì. Tó o bá ti mọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n gbé ẹ lọ, kọ̀wé sí mi padà, torí òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo. Èkó ní Criminal Law tiẹ̀, Èkìtì ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kù sì gba VAPP wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àtúnṣe tiwọn. Sọ ibi tó o wà fún mi, màá sọ èyí tó o máa kọ́kọ́ kà.